“Violent” Nínú Gbólóhùn: Agbára Ta Ni, Lórí Kí Ni?

“Violent” wà lára àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń bá pàdé kó tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ń rí i nínú ìwé àyọkà, nígbà tó bá sì yá, WAEC á gbé e síwájú rẹ̀ nínú ìdánwò. Agbára ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: agbára tó kọjá ààlà, tó ń fọ́ nǹkan, tó ń da nǹkan rú, tó lè pa ènìyàn. Láti inú èdè Látìn ló ti gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, itú agbára yìí ló sì ń pa láti ìgbà náà. Ìjà jẹ́ ibì kan tí irú agbára bẹ́ẹ̀ ti ń fara hàn, ibi mìíràn sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti ọ̀pọ̀ àgbà pẹ̀lú, ti so ó mọ́ ìjà ìgboro bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, kò sì lè jẹ kọjá ibi tí okùn rẹ̀ dé.

Ní Lọ́kọ́ja, ní ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí Àjàyí Crowther àti ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1865. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà kan, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni olùkọ́ ń kọ sára pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, ó parí. “Violent” di ẹni tó ń jà. Àwọn tó fi ọ̀nà yìí kọ́ ọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ìròyìn, tó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, tó sì ń fọwọ́ sí ripọ́ọ̀tì káàdì ọmọ ilé-ìwé lónìí.

Ti gírámà kò le. “Violent” lè ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí i “a violent storm”, ó sì lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, bí i “the crowd became violent”. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ni “violence”, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé rẹ̀ sì ni “violently”. Bí a bá fẹ́ fi nǹkan méjì wéra, “more violent” là ń sọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní kíláàsì ni “he is a violence boy”, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ ti lọ jókòó sí àyè ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ìdí rẹ̀ kò farasin: Yorùbá máa ń to ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tẹ̀léra láìyí ìkankan padà, “ọmọ ogun”, “ìwà ipá”, ọmọ náà sì gbé ètò ilé lọ sí oko. “He violented me” náà ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. “He attacked me” tàbí “he beat me” ni onítọ̀hún ń wá. Ní ti ìpè, ọmọ Kábà àti ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ a máa pè é bí ẹni pé “f” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí Yorùbá kò ní ìró “v”. Ọmọ Núpé tó jókòó tì wọ́n ní in nínú èdè tirẹ̀, á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Iṣẹ́ gidi wà nínú mímọ irú nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà lè bá rìn. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ “violent storm”, “violent cough”, “violent headache”, “violent quarrel”. Àní àwọ̀ tó ń ta ojú ẹni náà lè jẹ́ “violent”. Ikọ́ kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé agbára náà máa ń dé lójijì, ó sì máa ń ju ohun tí ara lè gbà lọ.

Lọ́kọ́ja dára púpọ̀ fún kíkọ́ni ní ìyàtọ̀ yìí, nítorí ìsàlẹ̀ òkè Patti ni ìlú náà wà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, omi bo ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀, ó sì gun orí títì Àbújá ní Koton-Karfe débi pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn ọdún méjèèjì, àròkọ lórí ẹ̀kún omi kò wọ́n ní kíláàsì, “violent flood” sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó dúró ní Gánájá tàbí Àdánkólò tó rí omi náà bó ṣe ń bọ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi Lọ́kọ́ja kì í sáré. Á kọ́kọ́ bo koríko etí odò. Lọ́jọ́ kejì, á dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá onílé á kó àpò ìrẹsì lọ sórí tábìlì, wọ́n á wá gbé tábìlì fúnra rẹ̀ gun orí bẹ́ẹ̀dì, títí omi á fi kan fèrèsé láìpariwo. Dúkìá tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ ju ti ìjì lọ fíìfíì, síbẹ̀ “violent” kò bá a mu. “Severe” tàbí “destructive” ló sọ ohun tó ṣe. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ni “violent” yẹ: á dé ní ìrọ̀lẹ́, á ká páànù kúrò lórí ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìdídò Alau ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tí omi rọ́ wọ Màídúgùrí lóru nígbà tí ènìyàn ṣì wà lórí oorun, ẹ̀kún omi yẹn gba ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí agbára ṣe dé ni “violent” ń wọ̀n. Bí àdánù ṣe tóbi tó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìlò kan sì ti ń gbó lọ. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè Odò Ọya. Crowther, tí kò tíì di àlùfáà nígbà náà, wà lára àwọn tó bá wọn wá. Òyìnbó 145 ló wá, ibà sì pa ó kéré tán 40 nínú wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn dókítà ìgbà yẹn, ibà tó bá gbé ènìyàn lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni “violent fever”. Dókítà òde òní á kọ “severe malaria”, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tó bá sì kọ ti àtijọ́ sínú fáìlì aláìsàn, ọ̀gá rẹ̀ á bi í bóyá aláìsàn náà ń ju ẹ̀ṣẹ́ ni. Èdè ti gba “violent” lọ́wọ́ ibà, ó sì fi í sílẹ̀ fún ikọ́ àti èébì. Kò sí òfin tó ṣàlàyé ìdí. Etí ló ń kọ́ni.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀lé ẹni tó bá rìn, òdì rẹ̀ náà kò dúró síbì kan. WAEC a máa bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdì sí èyí tí wọ́n fàlà sí nídìí. Níbi tí èrò bá ti pé jọ, òdì “violent” ni “peaceful”. Níbi atẹ́gùn, “gentle”. Níbi ikọ́, “mild”. Ọmọ tó há ọ̀kan ṣoṣo sórí á kọsẹ̀. “Non-violent” tún jẹ́ ọ̀tọ̀ gedegbe, torí ó ní ìpinnu nínú. Ẹni tó lágbára láti jà, tó sì yàn láti má jà, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Gandhi ṣe lò ó ní Íńdíà, tí Martin Luther King sì lò ó ní Amẹ́ríkà. Atẹ́gùn tó rọlẹ̀ kò yan nǹkan kan, nítorí náà kò sí “non-violent wind”.

Ìlò kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì, ìyẹn “violent death”. Nínú èdè òfin àti ti ilé ìwòsàn, ikú tí agbára láti ìta fà ni: jàǹbá ọkọ̀, iná, ìbọn, ṣíṣubú láti òkè, yàtọ̀ sí ti àìsàn tàbí ti ọjọ́ ogbó. Kò pọn dandan kí ẹnì kan ti gbèrò láti pa olóògbé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ní Felele, ní Lọ́kọ́ja, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó sì gbiná. Ó lé ní ogún ènìyàn tó kú níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli ìpínlẹ̀ Kogí sì wà nínú wọn. Ọmọ SS2 kan kọ nínú àròkọ rẹ̀ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí “died a violent death”. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fárígá. Ta ló bá wọn jà? Ta ni wọ́n ṣẹ̀? Gírámà ọmọ náà tọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì tọ́, àmọ́ àtakò wọn kò ṣeé gbá dànù, torí ẹni tó bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà á ti máa wo ọ̀nà apànìyàn kó tó ronú kan ọkọ̀. Olùkọ́ wọn kò pa gbólóhùn náà rẹ́. Ó ní kí ọmọ náà fi ohun tó pa wọ́n kún un. Nígbà tí iná àti ọkọ̀ agbépo wọ inú gbólóhùn, kò sẹ́ni tó tún bèèrè ẹni tó jà.

Tí ọ̀rọ̀ náà bá kúrò lórí ìṣẹ̀lẹ̀ tó bọ́ sórí ènìyàn, ẹrù rẹ̀ á wúwo sí i. “He was violent that day” ń sọ nípa ọjọ́ kan. “He is a violent man” ń sọ nípa ìwà, ó kó àná, òní àti ọ̀la pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní àmì kankan tó ń kìlọ̀ fún akọ̀wé pé ó ti ń fo láti orí ìṣe sí orí ìwà. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ń ro ọmọ. Ọmọdékùnrin kan ju àga lu ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olùkọ́ kíláàsì sì kọ “a violent boy” sí ripọ́ọ̀tì káàdì rẹ̀. Káàdì náà bá a dé ilé-ẹ̀kọ́ kejì. Kò tíì la ẹnu rẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti gbé àga rẹ̀ sí iwájú tábìlì olùkọ́. Bí fèrèsé bá fọ́, òun ni gbogbo ojú ń wò. Nígbà tó yá, igbákejì ọ̀gá àgbà kan fi ìlà pa gbólóhùn náà rẹ́, ó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an dípò rẹ̀: ọjọ́ tí ó jẹ́, àga, àti ohun tí ẹnìkejì sọ nípa ìyá ọmọ náà kí àga tó gbéra. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo ló sì ti dá ẹjọ́ yẹn láìgbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni.

Láyé ọjọ́un, kò sẹ́ni tó lè bi olùkọ́ léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ń na ọmọ ní pàṣán méjìlá níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pe ọmọ tó gbá ẹgbẹ́ rẹ̀ létí ní “violent”. Pàṣán tirẹ̀ ń jẹ́ “discipline”. Àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí rántí àkókò náà dáadáa, àwọn kan sì ń sọ pé ayé ìgbà yẹn sàn jù. Bóyá. Ní ti èdè, kò sàn.

Lọ́kọ́ja sì ti rí irú èyí ní ìwọ̀n tó tóbi ju ti kíláàsì lọ. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi ṣe ibùdó ọmọ ogun rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéra lọ jagun ní Bídà ní oṣù Kìíní ọdún 1897, Ìlọrin sì ló kàn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè, tí Lugard, aláṣẹ òyìnbó, fi bẹ̀rẹ̀ ìjọba Northern Nigeria. Nígbà tó fi di ọdún 1903, Kánò àti Sókótó ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rọ Emir Aliyu ti Kánò lóyè, wọ́n mú un kúrò nílé, Lọ́kọ́ja ló sì kú sí ní ọdún 1926. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní, òun àti àwọn ọba Àríwá mìíràn tí wọ́n lé kúrò lórí oyè.

Ìbọn Maxim ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì ìjọba, “expedition” ni lílọ jagun ń jẹ́. Tó bá jẹ́ ìlú tó fàáké kọ́rí ni wọ́n fẹ́ lọ jó, “punitive” ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó ń ṣáájú rẹ̀, bí ó ti rí ní Benin ní ọdún 1897 kan náà. “Pacification” ni àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. “Violent” ń dúró de ẹlòmíràn, ẹni tó di ọfà mú tó sì kọ̀ láti kúrò lọ́nà. Chinua Achebe fi èyí ṣẹ̀sín ní ìparí Things Fall Apart, tó jáde ní ọdún 1958, níbi tí aláṣẹ òyìnbó ti ń ro àkọlé ìwé tó fẹ́ kọ lórí bí wọ́n ṣe mú àwọn ará ìsàlẹ̀ Odò Ọya “pa rọ́rọ́”. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Bí a bá sì ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò: bó bá jẹ́ ará ilé akọ̀wé ló ṣe ohun kan náà, ṣé ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí kan náà ni yóò fi pè é? Olùkọ́ tó bá ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí ti kọ́ wọn ní nǹkan tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè.

Àwọn oníròyìn òde òní ní àrékérekè tiwọn. Wọ́n dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Kogí ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ìbọn ń ró, jàǹdùkú ń já àpótí ìbò gbà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dáná sun olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú kan mọ́nú ilé rẹ̀ ní Ochadamu. Irú gbólóhùn tí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni pé ìdìbò “was marred by violence”, tàbí pé nǹkan “turned violent”. Kò sí àbùkù nínú gírámà wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ nínú wọn. Ìdìbò kì í yìnbọn, ìwọ́de kì í sì í dáná sun ilé. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, “the protest turned violent” lè túmọ̀ sí pé àwọn olùwọ́de ju òkúta. Ó lè túmọ̀ sí pé àwọn jàǹdùkú ya lù wọ́n. Ó sì lè túmọ̀ sí pé àwọn agbófinró yìnbọn lù wọ́n. Ohun mẹ́ta tó jìnnà síra bí ọ̀run àti ilẹ̀ ló wọ inú gbólóhùn kan, ìwọ́de ni gbólóhùn náà sì di ẹ̀bi rù, torí òun ni olùwà.

Olóòtú àgbà kan nídìí iṣẹ́ rédíò ní Lọ́kọ́ja kì í ṣàríwísí púpọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé “violent” wá, á kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe é? Kí ló mú lọ́wọ́?” Ó ń pe ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n láti fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí ìdáhùn bá dé, gbólóhùn kì í sábà nílò ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà mọ́: “men with guns drove the voters away” ti sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa fèsì pé ẹ̀rù ń ba àwọn láti dárúkọ ẹni tó ni àwọn jàǹdùkú náà. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi, àwọn tó máa jí sí ìlú kan náà lọ́la. Ẹ̀rù ní àyè tirẹ̀. Kò sáà yẹ kí wọ́n máa fi èdè dídára bò ó mọ́lẹ̀.

Láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ náà ti ń ṣeré ní ọ̀nà mìíràn. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹni tó “chose violence” lè jẹ́ ẹni tó kàn sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹnìkan láàárọ̀ kùtùkùtù kí àwọn ará lè rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, ó sì dùn lẹ́nu wọn. Nínú àròkọ ìdánwò, máàkì ló ń gbà lọ.

Òfin náà ti fẹ ọ̀rọ̀-orúkọ yìí lójú, òun kò sì ṣàwàdà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí VAPP. Òfin yìí ka ìpalára sí ara, ti ìbálòpọ̀, ti ọkàn, ti ẹnu àti ti ọrọ̀-ajé mọ́ “violence”. Lílé ẹni jáde nílé tipátipá, àti àṣà tó ń fi ìyà jẹ opó, wà lára ohun tó kà léèwọ̀. Ti ẹnu yẹn kò lè ya Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe kò tíì bá ọ̀rọ̀-orúkọ dé ibẹ̀. “Economic violence” ti wà lẹ́nu agbẹjọ́rò àti àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá dé àgọ́ ọlọ́pàá tó sọ pé “my husband is violent”, ojú àti apá rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wò, bóyá ó ní ojú egbò. Bí kò bá rí nǹkan kan, á ní kó lọ sílé, kí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn. Ọkọ tí kò gbé ọwọ́ sókè rí, tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ló fi ń jẹ ìyàwó níyà, kò tíì wọ inú “violent” lójú ẹni tó ń kọ̀wé lẹ́yìn káńtà náà, bí òfin tilẹ̀ ti kà á mọ́ ọn. Obìnrin tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ níbẹ̀ ní láti fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sílẹ̀, kó máa ka ohun tí ọkọ ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: iye owó tó dá dúró, oṣù tó ti dá a dúró, àti alẹ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti ọmọ síta.